Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Ewì Lórúkọ: Àǹfààní àti Àléébù Pípín Ewì Alohùn àti Orin sí Ìsọ̀rí

Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa jókòó láti máàkì ìwé ìdánwò Yorùbá ti àwọn tí ń parí ẹ̀kọ́ girama. Ìbéèrè kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí rárà jẹ́, ẹni tí ń sun ún, àti ìgbà tí wọ́n máa ń sun ún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dáhùn pé ọmọbìnrin tí ó ń lọ sílé ọkọ ni ó ń sun rárà. Ó ṣàlàyé bí ìyàwó ti ń lọ láti agboolé dé agboolé, bí ó ti ń ki ìdílé bàbá àti ti ìyá rẹ̀, àti bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e. Ó ní ìyá-àgbà òun sun ún ní Òkukù. Ìwé ìdáhùn tí wọ́n fún wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn asunrárà ni wọ́n ń sun rárà láàfin ọba àti lóde ìnáwó, àti pé ẹkún ni ti ìyàwó. A fa igi pupa sí ìdáhùn náà, a kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì ṣí ìwé lọ sí ojú ewé tí ó kàn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé wa pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ṣìnà. Àwa ni a ṣìnà. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé bí a ti ń kọ́ni ní kíláàsì ni a ṣe ń dánni wò. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí wò nínú àpilẹ̀kọ yìí: kí ni ó wúlò fún, níbo ni agbára rẹ̀ mọ, kí sì ni olùkọ́ àti olùdánwò lè ṣe sí i? Agbègbè odò Ọ̀tìn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, ìyẹn Òkukù, Ìnísà àti Ìkìrun, pẹ̀lú Èkó-Èndé tí wọ́n ti sé odò náà fún omi ẹ̀rọ. Inú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n yọ lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1991, ni gbogbo wọn wà.

Èrò wa ni pé orúkọ ìsọ̀rí jẹ́ ohun èlò tí ó dára fún kíkọ́ etí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá mú orúkọ tí ìlú kan ń lò, tí a sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ohun èlò náà di ohun ìpalára.

Òṣùwọ̀n tí a fi ń sọ ewì àti orin lórúkọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ pín nǹkan sí ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní òṣùwọ̀n. Bí oníṣòwò bá ń wọn ẹ̀wà, kò níí fi kóńgò wọn àkọ́kọ́ kí ó wá fi ìgbánú rẹ̀ wọn èkejì. Bí a bá wo àwọn orúkọ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa fínnífínní, a ó rí i pé òṣùwọ̀n wọn kò dọ́gba rárá.

Ìjálá gba ìtumọ̀ rẹ̀ lára àwọn tí ń sun ún, ìyẹn àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń bọ Ògún. Ìyẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti babaláwo. Ẹ̀sà jẹ́ ti eléégún, orúkọ náà sì so mọ́ Ẹ̀sà Ọ̀gbín, ẹni tí àwọn alárìnjó kà sí baba ńlá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni iwì ni àwọn mìíràn ń pe ohun kan náà. Ẹkún ìyàwó gba orúkọ lára omijé. Sákárà gba tirẹ̀ lára ìlù, ìlù kékeré tí a fi amọ̀ mọ tí a sì fi awọ bò. Wákà wá láti inú èdè Haúsá, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti túmọ̀ sí orin lásán. Ajísààrì gba orúkọ lára àkókò, nítorí pé àwọn tí ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadaani ni wọ́n ń kọ ọ́. Bákan náà ni a ní àwọn tí ó jẹ́ pé bí a bá ti dárúkọ wọn ni a ti dárúkọ ìlú: alámọ̀ ti Èkìtì, ọlẹ́lẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà, àdàmọ̀ ti Ifẹ̀, ègè ti Ẹ̀gbá, dadakúàdà ti Ìlọrin.

Ẹni tí ń sun ún, ìmọ̀lára, ìlù, wákàtí, ìlú: òṣùwọ̀n márùn-ún ni ìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú kókó kan ṣoṣo tí a kọ sí ojú pátákó pé 'Àwọn Ẹ̀yà Ewì Alohùn'. A kò sọ pé àwọn baba wa ṣe àṣìṣe. Wọn kò jókòó láti ṣe àkójọ orúkọ fún ìdánwò. Olúkúlùkù sọ ohun tirẹ̀ lórúkọ bí ó ti rí i níwájú ilé rẹ̀. Àwa tí a kó àwọn orúkọ náà jọ ni a ṣe bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun tí ìsọ̀rí ń ṣe fún wa

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí da omi ìwẹ̀ nù tọmọtọmọ. Láìsí ìsọ̀rí, iṣẹ́ wa kò lè lọ síwájú. Ní 1966, nígbà tí Adébóyè Babalọlá gbé ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde, ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ náà múnádóko ni pé ẹ̀yà kan ni ó dì mú. Ó tẹ́tí sí i títí tí ó fi lè fi yé wa bí a ti ń ṣe é, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ọgbọ́n tí àwọn ọdẹ ń dá sí i. Olúdáre Ọlájubù ṣe irú rẹ̀ fún iwì egúngún nínú àkójọpọ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1972. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra pé ewì ni gbogbo ewì, a kì bá tí mọ ohun tí a mọ̀ lónìí.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó dára fún kíláàsì. Lójú ẹni tí kì í ṣe ọdẹ, ohun gbogbo tí ọdẹ bá sun ni ìjálá. Ṣùgbọ́n ní 1981, Bádé Àjùwọ̀n tẹ ìwé jáde lórí ìrèmọ̀jé, èyí tí àwọn ọdẹ ń sun níbi ìṣípà ọdẹ tí ó ti kú. Ọdẹ kan náà, ẹnu kan náà, ṣùgbọ́n ìjálá ni ti òde ayọ̀, ìrèmọ̀jé sì ni ti ọ̀fọ̀. Kò sí ọdẹ gidi tí yóò da méjèèjì pọ̀. Níhìn-ín, orúkọ ni ó bá wa tọ́jú ìyàtọ̀ tí ojú àjèjì kò lè rí.

Ìyàtọ̀ tí a máa ń kọ́ àwọn ọmọ láàárín wíwí, ìsàré àti orin náà wúlò púpọ̀. Ọmọ tí ó bá ti mọ̀ pé ohùn tí a fi ń pe ọfọ̀ kì í ṣe ohùn tí a fi ń sun rárà, àti pé orin ní ègbè àti ìlù tí a lè jó sí, ti ní etí tí ó lè fi tẹ́tí sí ohun tí kò gbọ́ rí. Etí yìí ni èrè ìsọ̀rí. Àkọ́sórí orúkọ kò tó o.

Rárà: orúkọ kan, ilé méjì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí a bá dárúkọ rárà, ọkàn ń lọ sí ọ̀dọ̀ asunrárà tí ń ki ọba, ìjòyè àti olówó, tí onídùndún sì lè máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ohun tí ọmọge ń sun nígbà tí ó bá ń lọ sílé ọkọ ni wọ́n ń pè ní ẹkún ìyàwó. Èyí ni ó wọ inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́, láti inú ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì gbà wọ inú ìwé ìdáhùn.

Ní Òkukù, rárà ìyàwó ni wọ́n ń pe ti ìyàwó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí lè wo ìwé tí Karin Barber tẹ̀ jáde ní 1991 lórí oríkì, àwọn obìnrin àti ìtàn ìgbà àtijọ́ ní Òkukù. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ó gbé ìlú náà, tí ó ń bá àwọn obìnrin ilé jókòó, kí ó tó kọ ìwé rẹ̀. Ó fi hàn pé rárà ìyàwó kì í ṣe eré lásán. Inú rẹ̀ ni ọmọbìnrin ti kọ́kọ́ ń kọ́ oríkì ìdílé rẹ̀ ní ojú gbogbo ayé, kí ó tó di obìnrin ilé tí a lè pè nígbàkígbà láti ki ọkọ, ọmọ àti òkú.

Bí a bá ní kí a pinnu èyí tí ó tọ̀nà nínú orúkọ méjèèjì, ìdájọ́ wa ni pé méjèèjì tọ̀nà, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fi hàn wá. Ẹni tí ó pè é ní ẹkún tẹjú mọ́ omijé: ọmọ ń kúrò ní ilé tí a ti bí i, kò sì mọ bí ibi tí ó ń lọ yóò ti rí. Ẹni tí ó pè é ní rárà tẹ́tí sí kíkì: ọmọ ń ka orílẹ̀ rẹ̀, ó ń sọ fún ìdílé ọkọ pé òun kì í ṣe ọmọ tí a kò mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Orúkọ àkọ́kọ́ mú ẹkún, èkejì mú ìran tí a ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ orúkọ méjèèjì mọ ewì náà ju ẹni tí ó mọ ọ̀kan lọ. Àwa sì fún un ní òdo.

Oríkì tí kò mọ ààlà

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju ti orúkọ lọ. Ní 1959, Bákàrè Gbàdàmọ́sí àti Ulli Beier ti sọ ọ́ pé ẹgbẹ́ tí akéwì wà àti bí ó ti ń lo ohùn ni Yorùbá fi ń pín ewì, ju ohun tí ó wà nínú ewì náà lọ. Ọlátúndé Ọlátúnjí tún un ṣe ní 1984. Ó ya àwọn tí a mọ̀ nípa àbùdá wọn, bí oríkì, ẹsẹ Ifá, ọfọ̀, òwe àti àlọ́ àpamọ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a mọ̀ nípa ìlànà ìsàré wọn, bí ìjálá, rárà àti ẹ̀sà. A gbóríyìn fún ìpín yìí gidigidi. Òun ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí ó bá béèrè pé 'ṣé oríkì ni tàbí ìjálá?' kò béèrè ìbéèrè kankan, nítorí pé nǹkan kan náà lè jẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n a kò tíì fi í sílò tó nínú ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí a ro oríkì orílẹ̀ kan. Obìnrin ilé lè fi kí ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìyàwó lè sun ún ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Eléégún lè fi ẹ̀sà gbé e jáde lọ́jọ́ ọdún, kí ọdẹ fi ìjálá ki ọmọ orílẹ̀ náà, kí asunrárà fi gba owó lóde ìnáwó. Onídùndún lè fi ìlù sọ ọ́ láìla ẹnu rẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé akéwì kọ̀ọ̀kan a máa fà á gùn, a sì máa gé e kúrú. Ṣùgbọ́n oríkì náà ni.

Wàyí o, olùdánwò yóò mú ìlà mẹ́jọ nínú irú oríkì bẹ́ẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, yóò sì béèrè pé: irú ewì alohùn wo ni èyí? Kí ni ọmọ náà yóò fi mọ̀ ọ́n? Ohùn ni ó pín ewì wọ̀nyí níyà, ìwé kò sì ní ohùn. Bí ìjúbà eléégún kò bá sí níbẹ̀, tí kò sí orúkọ ẹranko tàbí ti Ògún, tí kò sí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ń bá ìyá rẹ̀ sọ, ìdáhùn mẹ́rin ni ó lè tọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba máàkì níbẹ̀ kò gbà á nítorí ìmọ̀. Ó mọ ìwé tí a ti yọ ọ́ ni, tàbí kí ó jẹ́ pé ó méfò.

Orúkọ tí ń ṣí kiri

Bí orúkọ ti ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣí kiri láti ìgbà dé ìgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, Ṣóbọ̀ Aróbíodu mú ohùn àrùngbè, tí í ṣe ti àwọn olórò Ẹ̀gbá, ó sì fi kọ ewì sínú ìwé tí onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè kà. Ǹjẹ́ àrùngbè náà ni, tàbí ewì àpilẹ̀kọ? Síkírù Àyìndé Barrister bẹ̀rẹ̀ láti inú wéré, orin ajísààrì tí a ti mẹ́nu bà. Nígbà tí ó mú un jáde kúrò nínú òru Ramadaani wá sóde àríyá, fújì ni ó sọ ọ́. Títí ó fi kú ní 2010, fújì ti gba ìlù àti ohùn púpọ̀ mọ́ra tí kò sí nínú wéré. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ pé orin àwọn Mùsùlùmí nínú oṣù àwẹ̀ ni fújì jẹ́ ti sọ ìtàn ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Kò tíì sọ ohun tí ó jẹ́.

Ọwọ́ àwọn tí ń ta orin náà wà nínú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwọn tí ń fún olórin ní ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà dá ìsọ̀rí kan sílẹ̀ ní 1992 tí wọ́n pè ní 'orin àgbáyé', kí wọ́n tó pa orúkọ náà dà ní 2020. Nínú àpò kan yẹn ni jùjú, orin Íńdíà àti ti Bùràsíìlì jọ wà. Ohun kan ṣoṣo tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé wọn kì í ṣe ti ẹni tí ó rán àpò náà. Kí a tó rẹ́rìn-ín sí wọn, ẹ jẹ́ kí a rántí pé irú àpò bẹ́ẹ̀ ni àwa náà rán fún ọmọ Òkukù.

Àbá fún olùkọ́ àti olùdánwò

Àwọn kan lè sọ pé bí a bá gba orúkọ gbogbo ìlú wọlé, ìdánwò yóò di ọjà tí kò ní olórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kàwé yóò kan máa kọ ọ́ pé 'bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é nílé wa'. Ẹ̀rù náà tọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ìyàwó ni ó ń sun ìjálá kò yẹ kí ó gba máàkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ nǹkan a máa lè ṣàlàyé rẹ̀, àlàyé yìí ni ó sì yẹ kí a máa gba máàkì fún. Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin:

(i) Kí ìbéèrè máa dárúkọ ibi tí orúkọ ti wá. Dípò 'Kí ni rárà?', kí a béèrè pé 'Kí ni rárà ní agbègbè kan tí o mọ̀?'

(ii) Kí máàkì tí ó pọ̀ jù lọ wà fún ìbéèrè mẹ́rin: ta ni ó ń ṣe é, níbo, nígbà wo, irú ohùn wo? Kí orúkọ gba ìwọ̀nba díẹ̀.

(iii) Kí a má ṣe béèrè ìlànà ìsàré láti inú ìlà tí a tẹ̀ sórí ìwé, àfi bí àmì tí ó dájú bá wà nínú ìlà náà. Bí a bá fẹ́ dán etí wò, kí olùkọ́ lo ohùn tí a gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é ti wà lápò ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa.

(iv) Kí ìwé ìdáhùn fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ agbègbè, kí olórí àwọn tí ń máàkì sì ní àṣẹ láti gba ìdáhùn tí àlàyé rẹ̀ dúró ṣinṣin.

Olùkọ́ tí ó wà ní Ìkìrun tàbí Ìnísà ní iṣẹ́ kan tí ó ju ti ẹni tí ó wà ní ìlú tí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ti fi ṣe òṣùwọ̀n lọ. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ méjèèjì: 'ohun tí ìyá yín ń pè ní èyí ni ìwé ń pè ní tọ̀hún.' Bí ó bá kọ́ wọn ní ti ìwé nìkan, yóò sọ ìyá wọn di aláìmọ̀kan. Bí ó bá kọ́ wọn ní ti ilé nìkan, yóò rán wọn lọ sínú ìdánwò láìní ohun ìjà.

Ìkádìí

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ ni pé orúkọ ìsọ̀rí dà bí orúkọ ènìyàn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ gbọ́dọ̀ mọ ilé tí a ti sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣáájú wa ti la ọ̀nà. Tiwa ni láti má ṣe sọ ọ̀nà náà di ògiri.

A kò lè pe ìwé ọmọ náà padà mọ́, òdo tí a kọ sí i sì ti di àkọsílẹ̀. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé rárà ìyàwó kò wọ́pọ̀ mọ́ bí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí bọ́ sí gbọ̀ngàn àríyá láìki ẹnikẹ́ni. Ọmọ kan ṣì rántí ohun tí ìyá-àgbà rẹ̀ ń sun, ó sì mọ orúkọ tí ó ń pè é. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwa tí a ń pe ara wa ní olùtọ́jú èdè yìí. Bí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ bá tún dé iwájú wa, ẹ jẹ́ kí a kà á dé òpin kí a tó fa bírò pupa yọ.